Bírò Pupa

Ímeèlì náà wọlé ní Ọjọ́bọ̀, kí n tó fọ ẹnu tán.
Fóònù gbọ̀n lórí àpótí bí ẹni tí ibà ń ṣe.
"Oníbàárà wa ọ̀wọ́n," ló fi bẹ̀rẹ̀,
"owó ìfẹ̀yìntì yín ti ṣetán.
Ẹ tẹ ibí kí aago méjìlá tó lù,
bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó á padà síbi tó ti wá."

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń retí owó yẹn.
Mo ti tò sí ìlà ní Adó títí ẹsẹ̀ fi wú,
wọ́n ti kọ orúkọ mi nígbà mẹ́sàn-án
sínú ìwé mẹ́sàn-án tí n kò rí mọ́.
Nítorí náà, ẹ má bi mí ìdí tí àtàǹpàkò mi fi gbéra.
Ó gbéra.
Ó kù díẹ̀ kó kan gíláàsì.

Àmọ́ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní Ìkọ̀gòsì,
ojú olùkọ́ kì í fẹ̀yìn tì.
Mo nawọ́ mú bírò pupa tó wà létí Bíbélì,
mo da lẹ́tà náà kọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ìjọ,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì.

"Oníbàárà wa ọ̀wọ́n": mo fa ìlà sí i nídìí.
Ta ni oníbàárà? N kò tà, n kò rà.
Ọ́fíìsì tó jẹ mí lówó mọ̀ mí ní Ìbírónkẹ́ Fákùnlé,
wọ́n mọ nọ́ńbà fáìlì mi, wọ́n tilẹ̀ ti ṣì í kọ lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹni tó ń kan gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò
kì í dárúkọ onílé.

"Kí aago méjìlá tó lù": kí ló ń lé ọ?
Ìjọba tó fi ọdún mẹ́fà sùn,
ìgbà wo ló kọ́ eré sísá?

Mo dé ìdí àdírẹ́sì, mo wọ awò.
Níbi tó yẹ kí lẹ́tà kan wà, oókan ló dúró síbẹ̀,
ó nà ṣánṣán bí ọmọ onílé.
Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹrin, ẹ rántí:
ọ̀wọ̀ kì í ṣe ọwọ̀,
àmì kékeré kan ló wà láàárín iyì àti ìgbálẹ̀.
Lóòótọ́, ulé ni ìyá mi ń pe ilé, usu ló ń pe iṣu,
lẹ́tà yẹ̀, ọbẹ̀ kò dànù.
Ṣùgbọ́n ìyá mi kò fi ìyẹn wá kọ́kọ́rọ́ àpótí ẹnikẹ́ni.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti bèèrè
nọ́ńbà mẹ́rin tí mo fi ń gbowó lẹ́nu ẹ̀rọ.
Mo gbé bírò sílẹ̀.
Onígbèsè tó fẹ́ sanwó
kì í tọrọ kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹni.

Mo gbé kàlẹ́ńdà náà lọ bá Fámúrewá, olùkọ́ ìṣirò,
pé kó wá bá mi rẹ́rìn-ín.
Kò rẹ́rìn-ín.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni tirẹ̀ ti dé. Ó tẹ̀ ẹ́.
Owó páànù òrùlé rẹ̀ ti fò
kí ẹ̀kọ iwájú rẹ̀ tó tutù.
Kò tíì sọ fún ìyàwó rẹ̀.
"Èmi," ló ń wí, "èmi tí mo kọ́ wọn ní ìṣirò."

N kò bá a wí. Àtàǹpàkò tèmi náà gbéra.
Ọ̀kadà kan ló gbé àwa méjèèjì dé báńkì,
wọ́n ti àkáǹtì náà pa,
ó ku ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá.

Nígbà tí a ń bọ̀, a yà sí ibi tí omi méjèèjì ti pàdé,
gbígbóná àti tútù, àwọ̀ kan náà,
ojú kò lè yà wọ́n.
Fámúrewá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dúró pẹ́.
Lẹ́yìn náà ló ki ìka kan bọ̀ ọ́,
ìka ọwọ́ òsì,
èyí tí kò tẹ nǹkan kan.